Àpò Sìmẹ́ńtì Méjì Lórí Òkè: Bí Ètò Ọdẹ Elk Àkọ́kọ́ Ṣe Ń Lọ Ní Colorado

Ọdẹ tó pa ọ̀yà lè sọ ọ́ sínú àpò kó máa súfèé lọ sílé. Èyí tó pa àgbọ̀nrín lè gbé e kọ́ èjìká, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ títí yóò fi dé abà. Àmọ́ ẹni tó bá pa elk, ìbátan àgbọ̀nrín tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, lórí òkè Colorado, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kò lè gbé e kúrò níbi tó ṣubú sí, bó ti wù kó taagun tó. Akọ elk tó ti dàgbà máa ń tó kìlógíráàmù 300, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá bó awọ rẹ̀, tí wọ́n fi ìfun sílẹ̀, tí wọ́n sì gé ẹran kúrò lára egungun, ohun tó kù láti rù á tó kìlógíráàmù 80 sí 100. Àpò sìmẹ́ńtì méjì nìyẹn, tàbí kó kù díẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò ọdẹ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí: bí ẹran yóò ṣe dé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n máa wá a lọ, ibọn ló ń gbẹ̀yìn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹni tó lágbára lè ru nǹkan bíi kìlógíráàmù 25 lórí òkè tí kò lójú ọ̀nà. Tó bá ju ìyẹn lọ, orúnkún ló máa jẹ̀bi. Ẹran 100 kìlógíráàmù di ẹrù mẹ́rin. Bí ibi tí ẹran kú sí bá fi kìlómítà márùn-ún jìnnà sí ọkọ̀, ọdẹ tó dá lọ yóò ru ẹrù jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò sì padà wọlé lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mẹta. Kìlómítà 35 nìyẹn, lórí ilẹ̀ tó ń gùn tó sì ń sọ̀. Bó bá jẹ́ kìlómítà méjì ni, gbogbo rẹ̀ kò ju kìlómítà 14 lọ. Bí ọdẹ méjì bá jọ lọ síbi kìlómítà márùn-ún yẹn, kìlómítà 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rìn. Ẹni tó ṣe ìṣirò yìí nílé yóò ti fi bírò ya òbírí sórí máàpù, yí ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí ká, yóò sì búra pé òun ò ní yìnbọn kọjá rẹ̀. Àmọ́ tí akọ elk kan bá ké ní òdìkejì òkè, ìbúra a máa di ọ̀rọ̀ àná.

Àwọn Shawnee, tí wọ́n wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ló ń pe ẹran yìí ní wapiti, nítorí ìdí rẹ̀ tó funfun. Ìwo akọ rẹ̀ ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ní in tó Colorado, tí iye tiwọn lé ní 250,000. Bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1910, ìbọn àwọn ọlọ́jà ẹran àti awakùsà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run níbẹ̀, débi pé wọ́n ní láti kó òmíràn wá láti Wyoming. Ọ̀pọ̀ nínú òfin ọdẹ tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí, inú ìtàn yẹn ló ti wá.

Ìwé àṣẹ ló kàn. Ilé iṣẹ́ Colorado Parks and Wildlife ti pín ìpínlẹ̀ náà sí àwọn ẹkùn tí wọ́n fún ní nọ́ńbà, tí àwọn ọdẹ ń pè ní yúníìtì. Fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ yìí ló ń sọ iye ẹran tí wọ́n lè pa, bóyá akọ ni tàbí abo, ọ̀sẹ̀ wo ni, àti bóyá ọfà ni tàbí ìbọn. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ lé e lórí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin ni ìforúkọsílẹ̀ sábà máa ń parí, nígbà tí ọdẹ tuntun kò tíì ronú kan ìgbà ọ̀gìnnìtìn rárá. Ẹni tí gègé kò mú á gba máàkì kan tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn yúníìtì kan wà tí máàkì ogún ọdún ò ní tó fún wọn. Ẹni tó bá ní irú ibẹ̀ lòun ń dúró dè kóun tó kọ́ ọdẹ elk dà bí ẹni tó ń dúró de ayọ́kẹ́lẹ́ kó tó kọ́ ìrìn.

Ọ̀nà kejì ni ìwé àṣẹ tí kò ní gègé, tí ẹnikẹ́ni lè rà. Ti akọ elk fún oníbọn ní apá ìparí oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ó sì kan ọ̀pọ̀ yúníìtì ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀, òfin sì ń yí padà: láti 2025, ọlọ́fà tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò tún rí irú ìwé yìí rà bí tàtijọ́ ní agbègbè tí elk wà jù. Ìwé òfin ọdún yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn kà, kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní tèmi, ìwé àṣẹ abo ló dára jù fún ẹni àkọ́kọ́. Gègé rẹ̀ rọrùn láti mú, abo pọ̀ ju akọ lọ nínú ìgbẹ́, ẹran rẹ̀ rọ̀, ẹrù rẹ̀ sì fúyẹ́. Akọ ní tirẹ̀ ní ìdánwò: ní ọ̀pọ̀ yúníìtì, ìwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka mẹ́rin ní apá kan, tàbí kí ẹ̀ka tó sún mọ́ iwájú orí gùn tó ínǹṣì márùn-ún, kí ó tó ṣeé yìnbọn sí. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì kò lè ka ẹ̀ka ìwo dáadáa.

Ẹni tí kì í gbé ní Colorado ń san ju 700 dọ́là lọ fún ìwé àṣẹ akọ elk. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í san tó 100. Ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1949 gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kó sì ní káàdì rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, irú ti akẹ́kọ̀ọ́, ní ìdí mìíràn láti má fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Òfin àpapọ̀ kò gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ibọn lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì wà lójú iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí kò kan ẹni tó ti ní gíríìnì káàdì.

Ọdẹ ilé wa yóò mi orí tó bá gbọ́ ìyókù. Iná orí tí wọ́n fi ń dá ẹran lójú lóru, èèwọ̀ ni: ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni ìbọn láàyè láti dún. Kò sí pé wọ́n ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì. Títa ẹran elk tí èèyàn pa nínú igbó lòdì sófin. Oníbọn sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yanranyanran, tó kéré tán 500 ínǹṣì níbùú-lóròó (square inches), pẹ̀lú fìlà àwọ̀ kan náà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sá pamọ́ tó tún ń lu agogo, àmọ́ ojú elk kì í rí àwọ̀ yẹn bí ojú èèyàn ṣe ń rí i. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún.

Lẹ́yìn ìwé, ilẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú òkè wọ̀nyí jẹ́ igbó ìjọba àpapọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ aládàáni wà láàárín rẹ̀ bí àbùlẹ̀ lára aṣọ. Ní Colorado, kò di dandan kí onílẹ̀ gbé pátákó sí ààlà. Ọdẹ ni kó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí máàpù orí fóònù tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn fi di ohun èlò bí àpò ọdẹ, tí wọ́n á sì ti wa máàpù náà sórí fóònù kí wọ́n tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Orí máàpù yìí lọ́dẹ ti ń wá elk fún oṣù bíi mélòó kan kó tó fojú kan òkè. Níbi tí àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn bá ti fún mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ibẹ̀ tẹ́jú. Elk ń wá nǹkan mẹ́ta pọ̀: koríko, omi, àti igbó tó ṣókùnkùn tó lè sùn sí lọ́sàn-án. Apá òkè tó kọjú sí àríwá ni irú igbó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, nítorí oòrùn kì í bà á pẹ́, igi rẹ̀ sì ń ki. Ibi tí iná igbó ti jó ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn náà dára, fún ìdí kan náà tí ọdẹ wa fi ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti sun ìgbẹ́: koríko tuntun ń pe ẹran. Ohun kẹrin tí elk ń wá ni àlàáfíà. Tí ìbọn bá ti dún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í dúró lẹ́bàá ọ̀nà mọ́. Nínú oṣù kẹsàn-án, akọ ń gun abo, ó sì ń ké fèèrè débi tí òkè á dá a lóhùn. Tó bá di òpin oṣù kẹwàá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti dákẹ́, ó ti lọ fara pamọ́ síbi tó le láti dé. Bí yìnyín bá wá ga dé orúnkún, agbo á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Nítorí náà, ọdẹ tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í mú ibì kan péré. Ó ń mú mẹ́rin tàbí márùn-ún, ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀.

Atẹ́gùn orí òkè ní àṣà tirẹ̀. Bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, á máa gun òkè. Bí ilẹ̀ bá tutù nírọ̀lẹ́, á máa ṣàn wálẹ̀ bí omi. Imú elk lágbára ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ agbo nígbà tí oòrùn ti gòkè ti kéde ara rẹ̀. Òkè ni wọ́n ti ń wá a lọ́sàn-án. Ìsàlẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ara ọdẹ náà wà nínú ètò. Òkè Ìdànrè tí à ń fi yangàn kò tó mítà 1,000 sókè ìtẹ́jú òkun. Àgọ́ ọdẹ elk lè wà ní 2,700 sí 3,000. Ẹni tó wọ bàálù láti Houston, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ́jọ́ kejì, lè rí orí fífọ́, èébì àti àìróorunsùn. Ọjọ́ méjì láti fi mọ́ ara níbẹ̀ kì í ṣe ìfàkókòṣòfò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé ọdẹ òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà, tó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ AS ń gun òkè láìsí wàhálà, àmọ́ lórí òkè Colorado gan-an ni àwọn dókítà ti rí AS tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọlọ inú wọn mọ́, tí ìrora ńlá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìhà òsì. AS tó bá rí irú ìrora yẹn, ìsàlẹ̀ òkè àti ilé ìwòsàn ló kàn. SS gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ra ohunkóhun.

Ní Colorado, bí ọdẹ kan nínú márùn-ún ló ń rí elk pa lọ́dún, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pa á á kọ́kọ́ fi ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé sí ìwé àṣẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, eré àsápajúdé ni pẹ̀lú ooru. Awọ elk nípọn, ó ń pa ooru mọ́ra bí kúbùsù, itan tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú awọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti ìdí egungun. Ọ̀pọ̀ kì í la ikùn rárá: wọ́n á la awọ láti ẹ̀yìn, wọ́n á yọ apá àti itan, wọ́n á gé ẹran gígùn ẹ̀yìn, wọ́n á sì yí ẹran náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àmì tó fi hàn bóyá akọ ni tàbí abo gbọ́dọ̀ wà lára ẹran títí yóò fi délé, òfin ló wí bẹ́ẹ̀; òfin náà ni kò gbà kí wọ́n fi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ nínú igbó. Àpò aṣọ fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kó o sí, kí atẹ́gùn lè wọlé kí eṣinṣin má lè wọlé. Ibi òjìji ni wọ́n ń so ó kọ́, jìnnà sí ìfun, torí béárì dúdú. Ìwo ló ń kẹ́yìn nínú ẹrù.

Kó tó di pé ìkòkò gorí iná, ohun kan kù. Ní 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí àrùn kan lára àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí ní Fort Collins, ní Colorado yìí kan náà. Àrùn náà ń jẹ ọpọlọ ẹran, kò sì gbóògùn. Kò tíì sí ẹ̀rí pé èèyàn ti kó o, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ilé iṣẹ́ ìlera ni pé kí wọ́n má jẹ ẹran tí àyẹ̀wò bá rí i lára rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í fi í gbà kí wọ́n gbé orí àti egungun ẹ̀yìn elk wọlé láti ibi tí àrùn náà wà. Ọdẹ á fi orí ẹran sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, á sì kó ẹran sínú kúlà pẹ̀lú áìsì. Tó bá délé, inú fíríísà ni ẹran náà yóò wà títí èsì àyẹ̀wò yóò fi jáde.