Ẹnubodè ni, kì í ṣe páálí àwọ̀n

Ó ti sú mi láti máa kà á pé “páálí àwọ̀n” (network card) ni ohun tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àwọ̀n ni wọ́n fi ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́, páálí ni wọ́n fi ń di bisikíìtì. Àwọn tí ó ní kí á ṣáà máa pè é ní “káàdì” kò sàn jù wọ́n lọ, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò sí káàdì kankan níbẹ̀. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ wá.

Ẹnubodè ni èmi ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù takò mí pé kọ̀ǹpútà Linux tí ó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé lápapọ̀ ni orúkọ náà tọ́ sí. Rárá o: oníbodè ni ẹ̀rọ yẹn, kì í sì í ṣe “ògiri iná” (firewall) bí àwọn kan ti ń kọ ọ́, bí ẹni pé ògiri ń jó. Oníbodè kan lè ṣọ́ ẹnubodè méjì.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa Ìjẹ̀bú. Kí Òyìnbó tó fi ìbọn ṣí ọ̀nà wa ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892, ọjà tí ó bá ti Èkó gba orí ọ̀sà wá a gúnlẹ̀ sí Ejìnrìn, àwọn èèyàn wa a gbé e dé Òrù, ibẹ̀ sì ni ará Ìbàdàn ti ń rà á. Ìjẹ̀bú ni ará Èkó mọ̀, Ìjẹ̀bú náà ni ará Ìbàdàn mọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni masquerade ń ṣe nínú nftables, ètò tí a fi ń kọ òfin fún oníbodè Linux: ó ń fi àdírẹ́sì oníbodè bo ti àwọn ẹ̀rọ inú ilé, kí ará ìta má baà rí ju Ìjẹ̀bú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ilé ṣì ń rí àdírẹ́sì ará ìta. Ẹnubodè tí ó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì ni Ejìnrìn, àwọn tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni ó ń fún un ní àdírẹ́sì; èyí tí ó kọjú sí inú ilé ni Òrù, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò fún un ní èyí tí kò ní yí padà, bíi 192.168.1.1. Àdírẹ́sì méjèèjì kò gbọdọ̀ wá láti agboolé (subnet) kan náà. Linux kì í sì í gbé ẹrù láti ẹnubodè kan sí èkejì àfi bí ẹ bá kọ 1 sí ààtò rẹ̀ tí ń jẹ́ net.ipv4.ip_forward.

Ní ti eth0 àti eth1, orúkọ tí Linux ń fún ẹnubodè látijọ́, ojú mi rí màbo. Èyí tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ bá pàdé ni ó ń gba 0, nítorí náà Òrù lè jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ó ti di Ejìnrìn, kí òfin tí ó yẹ kí ó dènà àlejò wá dá onílé dúró. Láti ọdún 2013 ni systemd, ètò tí ó ń jí Linux tí ó sì ń darí iṣẹ́ inú rẹ̀, ti mú irú orúkọ bíi enp3s0 wá, tí ó ń tọ́ka sí ojúkò ẹnubodè náà nínú ẹ̀rọ. Kò dùn-ún pè, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣáko. Kí ẹ tó kọ òfin kankan, ẹ yọ wáyà ìta, ẹ tẹ àṣẹ ip link, kí ẹ wo èyí tí NO-CARRIER (kò sí ohun tí ó so mọ́ ọn) ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gé páálí pẹlẹbẹ kan, ibí yìí nìkan ni ó ti wúlò, kí ẹ kọ “Ejìnrìn” sí i, kí ẹ sì so ó mọ́ wáyà náà.