Àkàbà tí wọ́n fi ń wọn ayọ̀

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè jẹ́ 667. Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ wá àti ẹni tó bá ti òkè òkun wá, ibi kan náà ló ń gbé wọn dé. Àkàbà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oníkálukú ló ń sọ ohun tó wà lókè tirẹ̀.

Hadley Cantril, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìrònú ẹ̀dá, ló dá a sílẹ̀. Ìwé tó fi ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1965, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lọ béèrè ọ̀rọ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà. Wọ́n á ní kí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ayé tó wù ú jù lọ, kó tún sọ èyí tó ń bà á lẹ́rù jù, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé àwòrán àkàbà jáde: òdo nísàlẹ̀, 10 lókè téńté. Níbo lo wà báyìí? Lọ́dún 5 sẹ́yìn ńkọ́? Lọ́dún 5 sí i ńkọ́?

Mo bi màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ọ́jà Ọba. Nọ́ńbà nìkan ni mo béèrè.

“Kí ló wà lókè ibẹ̀ ná?”

Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n gbé kóńgò gààrì sílẹ̀. Ara líle. Òrùlé tí kò jò. Kí àbúrò mi tó wà lókè òkun wá kí wọn kí ojú wọn tó ṣú. Ọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó mú 7. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò àbúrò mi ń sọ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọba Jigme Singye Wangchuck ti Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Éṣíà, ló ti ń sọ láti àwọn ọdún 1970 pé ìdùnnú ará ìlú ṣe pàtàkì ju iye owó tó ń wọlé lọ. Bhutan ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2011. Ní 2012, ìròyìn ayọ̀ àgbáyé àkọ́kọ́ jáde, àjọ náà sì mú 20 Oṣù Kẹta fún Ọjọ́ Ayọ̀. Àkàbà Cantril ni ìròyìn yẹn fi ń to orílẹ̀-èdè. Láti 2018 ni Finland ti ń gba ipò kìíní.

Àmọ́ wọ́n ti gé ìtàn kúrò nínú ìbéèrè náà. Nǹkan bí 1,000 èèyàn ni Gallup, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn béèrè ọ̀rọ̀ náà káàkiri ayé, ń bá sọ̀rọ̀ lọ́dún ní orílẹ̀-èdè kan, nọ́ńbà sì rọrùn láti kó jọ. Mo mọ ìdí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Bí wọ́n bá dé Ọjà Ọba, 7 ni wọ́n á gbé lọ. Òrùlé àti àbúrò mi á kù sí ṣọ́ọ̀bù.