Wíwọ̀n ìyàtọ̀ àbínibí inú ẹ̀wà pẹ̀lú àmì DNA

Àmì DNA ni ibì kan pàtó lára DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá láti òbí dé ọmọ, tó máa ń yàtọ̀ láti ìran kan sí òmíràn, tí ẹ̀rọ sì lè fi hàn. Òun ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn fi ń mọ bí oríṣiríṣi ẹ̀wà, Vigna unguiculata, ṣe bára tan tó. Àwọ̀ èèpo, títóbi hóró àti iye ọjọ́ tí ẹ̀wà fi ń gbó náà wúlò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti òjò lè yí ọjọ́ gbígbó padà, jíìnì (ègé DNA tó ń pinnu àbùdá kan) mélòó kan péré ló sì ń pinnu àwọ̀ èèpo. Ẹ̀wà méjì lè pupa bákan náà kí wọ́n má bára tan rárá.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀wà ní kúrómósómù (ìdì DNA) 22, DNA rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 640 lẹ́tà. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn lẹ́tà náà jáde, láti ara IT97K-499-35, ẹ̀wà IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní SAMPEA 10 ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ jù lọ òdòdó ẹ̀wà ló ti gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn kí wọ́n tó là. Nítorí náà ìyàtọ̀ kì í pọ̀ láàárín àwọn ọmọ igi kan ṣoṣo. Láàárín ìran àti ìran ló ti ń pọ̀.

Ẹ̀wà ọjà àti ẹ̀wà oko ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n ní Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń wá. Olóyin, drọ́ọ̀mù àti ẹ̀wà funfun, orúkọ ọjà ni wọ́n: adùn, àwọ̀ àti bó ṣe ń tètè jinná ni àwọn oníṣòwò fi ń pín wọn. Hóró oko púpọ̀ lè wà nínú àpò kan. Ẹni tó bá gbin hóró olóyin mẹ́wàá, tó lọ̀ ewé wọn pọ̀, tó sì pe èsì rẹ̀ ní ti ìran kan, àdàlù ọjà ló wọ̀n.

Irúgbìn tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fi pamọ́ láti ọdún dé ọdún dára fún iṣẹ́ yìí ju ti ọjà lọ. Ní agbègbè yìí, láti àárín oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà ń gbin ẹ̀wà kí ó lè gbó sínú ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí pé òjò oṣù kẹrin sí ìkeje máa ń jẹ́ kó yọ ewé ju èso lọ, èso tó bá sì so a máa jẹrà. IITA àti IAR&T, ilé ìwádìí àgbẹ̀ mìíràn ní Ìbàdàn, ní oko ìdánwò ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wo bí irúgbìn ṣe ń ṣe sí ní ilẹ̀ igbó.

Kíkó ewé

Ewé ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀wà hù, ló dára jù. Àárọ̀ ni kí a já a, kí oòrùn tó jẹ́ kí sítáàṣì kún inú rẹ̀. Igi márùn-ún sí mẹ́wàá láti inú irúgbìn àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú àpòòwé tirẹ̀, kí a fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i, nítorí pé ọtí tó bá ta sí bírò yóò pa á rẹ́.

Silica gel, hóró kéékèèké tó ń fa omi mu, ni wọ́n fi ń gbẹ ewé. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ewé. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú pọ̀, nítorí náà kí a máa wo silica náà: èyí tó jẹ́ búlúù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó bá ti mu omi yó, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Láàárín wákàtí 24, ewé tó gbẹ dáadáa á máa ṣẹ́ bí a bá ká a. Èyí tó ṣì ń tẹ̀, tó sì ti di ràkọ̀ràkọ̀, DNA inú rẹ̀ ti ń já.

Yíyọ DNA

Ìlànà CTAB (irú ọṣẹ kan tó ń tú sẹ́ẹ̀lì), tí Doyle àti Doyle tẹ̀ jáde ní 1987, ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Nǹkan bí 100 mg ewé tútù ni wọ́n ń lọ̀ kúnná nínú nitrogen olómi. Bí kò bá sí nitrogen, 20 mg ewé tó gbẹ dáadáa ṣe é lọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á da 700 µl omi CTAB tó ti gbóná sí 65 °C lé e. CTAB ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, NaCl 1.4 M, Tris 100 mM ní pH 8, EDTA 20 mM àti PVP (tó ń gbá ohun tó ń mú DNA pọ́n mọ́ra) ìdá 1 sí 2 ló wà nínú omi yìí. Mercaptoethanol díẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, torí òórùn rẹ̀ burú ó sì lóró. Ó máa wà nínú omi gbígbóná náà fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, a ó sì máa yí ife rẹ̀ lórí padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Lẹ́yìn èyí ni chloroform pẹ̀lú isoamyl alcohol (24:1), tí ó pọ̀ tó omi CTAB. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí a pò ó. Bí a bá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, DNA á já. Bí ẹ̀rọ centrifuge bá ti yí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 12,000 rpm, ìpele mẹ́ta ló máa yọ: omi tó mọ́ lókè, awọ funfun ti purotéènì láàárín, chloroform tó ti fa àwọ̀ ewé mọ́ra nísàlẹ̀. Ti òkè nìkan la ń fà. Ó sàn kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ ju kí ẹnu pipette kan awọ àárín lọ. Isopropanol tútù, ìdá méjì nínú mẹ́ta omi náà, ló ń mú DNA jáde bíi fọ́nrán funfun.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń fara hàn. Fọ́nrán tó pọ́n tàbí tó ṣú fi hàn pé PVP kò tó, tàbí pé ewé dúró pẹ́ kí a tó gbẹ ẹ́. Èyí tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ní ṣúgà ewé nínú. Ewé ti gbó jù. Ethanol ìdá 70 ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó tú u sínú 50 sí 100 µl TE (omi tí wọ́n ń fi DNA pamọ́ sí) pẹ̀lú RNase, enzyme tó ń jẹ RNA run. Bó bá gbẹ jù kó tó wọ TE, kì í yọ́ bọ̀rọ̀.

DNA tó mọ́ máa ń fún wa ní 1.8 sí 2.0 bí a bá fi iye ìmọ́lẹ̀ 280 nm tó fà mu pín ti 260 nm. Nọ́ńbà yìí nìkan kò tó, torí DNA tó ti já wẹ́wẹ́ náà lè ní i. Jẹ́ẹ̀lì agarose ìdá 0.8, tí iná mànàmáná ń fa DNA gba inú rẹ̀, ló ń sọ òkodoro: ìlà kan ṣoṣo lókè ni DNA tó pé, èyí tó fà wálẹ̀ gbọọrọ ti já. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, DNA inú TE lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Enzyme Taq, tó ń ṣe ẹ̀dà ibi tí àmì wà lára DNA ní ọ̀pọ̀ ìgbà (PCR), kò lè fara dà á bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá yìnyín fún.

Irú àmì

RAPD, tó ń fi ègé DNA kékeré tí a kàn ṣà wá àmì, kò wọ́n, kò sì nílò kí a mọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bára mu láti láàbù kan sí òmíràn. ISSR, tó ń wo àárín ibi tí lẹ́tà DNA ti ń tún ara wọn sọ léraléra, sàn díẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè ya igi tó ní allele (irú kan nínú irú tí àmì kan lè ní) kan náà lẹ́ẹ̀méjì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ní méjì tó yàtọ̀. SSR, tó ń wo ibi tí lẹ́tà díẹ̀ ti ń tún ara wọn sọ gan-an, lè ṣe é, ohun tí láàbù kékeré ní ló sì ń gbà, ó kan jẹ́ pé allele tó fi lẹ́tà méjì péré yàtọ̀ síra kì í yà lórí agarose ìdá 3. Acrylamide ìdá 6 tàbí ẹ̀rọ capillary ló ń yà wọ́n. Bí primer, ègé DNA kékeré tí PCR ti ń bẹ̀rẹ̀, kò bá bá ibì kan mu, allele náà kò ní yọ rárá, wọ́n á sì rò pé igi náà kò ní i. SNP, ibi tí lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ti yàtọ̀, ló gbòde báyìí: àwo kan wà fún ẹ̀wà tó ń ka SNP tó lé ní 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣirò

Ìyàtọ̀ jíìnì, He, jẹ́ 1 tí a yọ àpapọ̀ ìlọ́po ara ìdá allele kọ̀ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Bí SSR kan bá ní allele mẹ́ta, tí ìdá wọn jẹ́ 0.5, 0.3 àti 0.2, He á jẹ́ 1 − (0.25 + 0.09 + 0.04), ìyẹn 0.62, PIC rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí àmì ṣe lè ya ìran sọ́tọ̀ tó) á jẹ́ nǹkan bí 0.55. SNP tó ní allele méjì kò lè kọjá 0.5 ní He àti 0.375 ní PIC, nítorí náà kò tọ̀nà láti fi PIC SNP wé ti SSR kí a sì ní ìkan gbówọ́ ju èkejì lọ.

Ìdá igi tó ní allele méjì tó yàtọ̀, Ho, máa ń kéré gan-an nínú ẹ̀wà. Bó bá jẹ́ 0.03, pẹ̀lú He 0.62, F (1 − Ho/He, òṣùwọ̀n bí igi ṣe ń gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ tó) á súnmọ́ 0.95. Bí Ho bá ga lójijì, kí a kọ́kọ́ fura sí irúgbìn tó dàpọ̀ tàbí ewé igi méjì nínú ife kan kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìran tó dà pọ̀ mọ́ra nínú oko. Igi ìran UPGMA, PCA (àwòrán tó ń fi àwọn tó bára tan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn) àti STRUCTURE (ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín wọn sí agbo) ni wọ́n sábà fi ń ya àwòrán èsì.

Ẹ̀wà mìíràn

Ìlànà kan náà ni wọ́n ń lò fún òtílí àti ṣèṣé. Òtílí ti ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀ láti ọdún 2012. Fún ṣèṣé, primer ẹ̀wà ni wọ́n máa ń dán wò nígbà mìíràn, àwọn kan lára wọn a sì máa ṣiṣẹ́.