Ohun Tó So Oríkèé Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pọ̀ Mọ́ Ọkàn Lórí Ibùsùn Iṣẹ́ Abẹ

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, tí kò lè la ẹnu jẹun mọ́, ó lè ṣẹlẹ̀ pé bí dókítà ṣe ń fa egungun àgbọ̀n náà, ìlù ọkàn aláìsàn á ṣàdédé falẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Nígbà mìíràn, ọkàn á tilẹ̀ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé etí àwọn ẹbí tó jókòó síta, ì báà jẹ́ ní UCH tàbí ní ilé ìwòsàn mìíràn n'Íbàdàn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé oògùn oorun ló pọ̀ jù. Èrò yìí a máa bí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà nínú, nítorí pé oorun tí kò wọra tó gan-an wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Iṣan ìmọ̀lára méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni trigeminal, ìkarùn-ún nínú iṣan méjìlá tó ti inú ọpọlọ jáde ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka rẹ̀ kan lọ sí ẹyinjú àti iwájú orí, ìkejì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, ìkẹta sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti oríkèé tó wà níwájú etí. Èkejì ni vagus, ìkẹwàá nínú wọn, tó gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkàn. Ní ìdí ọpọlọ, okùn tín-ínrín so ibùdó àwọn méjèèjì pọ̀. Bí trigeminal bá gbé ìròyìn débẹ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan, vagus á da èròjà acetylcholine sí ibi tí ìlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlù náà á sì lọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ takisí Micra láti Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn rí mọ̀ pé bí èrò ẹ̀yìn bá ti ké pé "Ó wà o!", awakọ̀ á tẹ bíréèkì, kò ní bojú wẹ̀yìn bi í pé ṣé lóòótọ́ ni. Ìdí ọpọlọ ni awakọ̀ yìí. Oorun tó wọra a máa di í létí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí oorun bá fúyẹ́, igbe kékeré ti tó. Bí atẹ́gùn ọ́síjìn aláìsàn bá sì kéré, tàbí tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú èyí tí ń dẹ ìlù ọkàn, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ti wà lórí bíréèkì kí ẹnikẹ́ni tó ké rárá.

Láti ọdún 1908 ni àwọn dókítà méjì, Aschner àti Dagnini, ti ṣàlàyé pé títẹ ẹyinjú ń dẹ ìlù ọkàn, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ọ̀rọ̀ ojú nìkan ni. Ẹ̀ka trigeminal mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè ṣe é.

Ètò náà kì í ṣe àṣìṣe ara. Bí omi tútù bá bo ojú ẹni tó wọ odò, tí kò sì mí, trigeminal àti vagus yìí kan náà ló ń dẹ ìlù ọkàn kí ọ́síjìn má baà tán kíákíá. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Ibi tó kù sí ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín odò àti ọwọ́ dókítà.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò ju kí dókítà dáwọ́ fífà náà dúró lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkàn á padà sípò fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, wọ́n á fún un ní oògùn atropine, tí kì í jẹ́ kí acetylcholine rí ibi bà lé lára ọkàn. Àwọn mìíràn a máa kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ akunilára, tí kì í jẹ́ kí ẹran ara mọ nǹkan fún ìgbà díẹ̀, sí àyíká oríkèé náà kí ìròyìn má lè gbéra, èyí sì dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu ju kí á máa fún gbogbo aláìsàn ní atropine ṣáájú, nítorí pé atropine náà lè mú ọkàn sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé bíi kí dókítà tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìlù ọkàn tètè sọ̀rọ̀, kí ẹni tó di egungun mú sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó tún máa fà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìlù ọkàn bá ti gòkè padà.