Ẹran Ń Bẹ Lódò Ẹran, Igún Dà?

Ìbéèrè: Láti Kàbà dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n ṣì ń pa màlúù. Kí ló dé tí igún kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ebi. Láti ọdún 2015 ni igún kékeré tó ń gbé àárín ìlú, èyí tí ojú rẹ̀ pupa, ti wọ ìsọ̀rí àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ àkúrun jù lọ lágbàáyé, ọwọ́ ènìyàn ló sì wà nídìí rẹ̀. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Síbẹ̀ orí rẹ̀ ti wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta èlò oògùn. Ní Guinea-Bissau lọ́dún 2020, májèlé pa igún tó lé ní 2,000, wọ́n sì bá òkú púpọ̀ nínú wọn láìlórí. Igún kì í dá jẹun, nítorí náà òkú ewúrẹ́ kan tí wọ́n fi Furadan, oògùn apakòkòrò olóró, sí nítorí ẹranko tó ń jẹ ẹran ọ̀sìn lè pa gbogbo agbo. Àwọn igi gíga tí igún ń kọ́ ìtẹ́ sí náà ń di pákó àti èédú.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kò ní tún pọ̀ sí i ni?

Ìdáhùn: Ẹyin kan ṣoṣo ni takọtabo ń yé sínú ìtẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ọmọ náà ṣòro láti yè.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń tán, pé wọn kò kàn ṣí lọ sí ìlú mìíràn?

Ìdáhùn: Ẹ ka gbogbo odò ẹran agbègbè yín láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Bí ti Kàbà bá dín tí ti Mọ̀pà lé, wọ́n ṣí lọ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ dín lọ́dọọdún, ikú ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúńbú ẹran, kí ẹ máa kà ní ìṣẹ́jú 15 síra. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí 6, lẹ́yìn náà 9, lẹ́yìn náà 7, 9 ni ìdáhùn, kì í ṣe 22, torí ẹyẹ tó fò lọ ló tún padà. Àṣìṣe yìí ló ń ba ìwé ìṣirò jẹ́ jù. Ẹ má ka àwòdì mọ́ ọn: ìrù àwòdì là sí méjì níparí, ti igún kúrú. Ẹ tún wo ọrùn: ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó dúdú níbẹ̀ jẹ́ ti ọmọ, èyí tó funfun jẹ́ ti àgbà. Bí ẹ kò bá rí ọlọ́rùn dúdú kankan fún ọdún mélòó kan, ẹ fura pé wọn kò tọ́mọ yè mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé a lè bi àwọn àgbà léèrè?

Ìdáhùn: Ó wúlò gan-an. Ẹ má béèrè pé “ṣé igún ti dín kù?”, torí ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn, àti ìgbà wo, ṣé kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991 ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi àwòrán hàn wọ́n, kí ẹ sì fi ẹyẹ kan tí kò sí nílẹ̀ Áfíríkà sí i. Ẹni tó bá ní òun rí ìyẹn nínú oko òun, ẹ ya ìdáhùn rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Bí a bá bá òkú igún mélòó kan nílẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ lé ajá àti ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ ka òkú náà, ẹ ya fọ́tò, ẹ wá ẹran tí wọ́n jẹ, kí ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó kí wọ́n lè gbé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n sun gbogbo rẹ̀ di eérú, àti òkú ẹran náà.