Space Marine 2: kí ló dé tó fi gbà tó ọdún 13?

Ẹ̀gbẹ́ màí ṣàyí ni ṣọ́ọ̀bù géèmù mi wà ní Kubwa. Bọ́ọ̀lù làwọn ọmọ máa ń gbá níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àfi ìgbà tí mo gbé géèmù ìjà kan, Warhammer 40,000: Space Marine 2, sórí tẹlifíṣàn ńlá. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè ò jẹ́ kí n ráyè gba owó. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀dá, ẹ ní 2011 ni ti àkọ́kọ́ jáde, September 2024 sì ni ìkejì. Ṣé wọ́n sùn lọ ni?

Wọn ò sùn o. Ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé ni, ta ni ò sì mọ ìyẹn ní Abuja? Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Games Workshop, ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni Warhammer. Ère jagunjagun kéékèèké tí èèyàn ń kùn lọ́dà, tí wọ́n fi ń jagun lórí tábìlì, ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ fi Warhammer ṣe géèmù, àfi kó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. THQ ti Amẹ́ríkà ló gbé ti àkọ́kọ́ jáde, Relic ti Kánádà ló ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di December 2012, gbèsè wọ THQ lọ́rùn, ó di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ní January 2013 wọ́n tú ẹrù rẹ̀ tà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, Sega sì ra Relic. Ayálégbé kógbá wọlé, birikìlà bá ọ̀gá tuntun lọ, ìwé ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù ní Nottingham. Ta ló fẹ́ parí ilé?

December 2021 la tó gbọ́ pé ẹlòmíràn ti gbaṣẹ́: Saber Interactive ló ń ṣe é, Focus Entertainment ti ilẹ̀ Faransé ló ń gbé e jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ní 2023, wọ́n tún sún un sí 2024.

Ṣé òun nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí?

Rárá o. Max Payne 2 jáde ní 2003, ìkẹta di 2012. Èyí tó ká mi lára jù ni Alan Wake. 2010 ni ti àkọ́kọ́, ìkejì di October 2023. Remedy, àwọn ará Finland, ló ṣe é, ṣùgbọ́n 2019 ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ Microsoft bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ìyá bímọ, ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn!

PS4 ni mo ní. Kí ló dé tí kò sí fún un?

PS5, Xbox Series àti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo ògiri inú géèmù náà dáadáa nígbà tí àwọn Tyranid, ẹ̀dá abàmì tó ń bá yín jà, bá ń bọ̀: wọ́n ń gun ara wọn lórí bí ìjàlọ, ti ìsàlẹ̀ di àkàbà fún ti òkè, títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tí Saber fi kó wọn jọ bẹ́ẹ̀ náà ló fi kó òkú tó ń rìn jọ nínú géèmù wọn World War Z ní 2019. Àyè tó ń gbà lórí kọ̀ǹpútà tó 75GB. Òru méjì ni mo fi fà á wálẹ̀, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yìn Titus, ọkùnrin tí à ń darí, la máa ń rí?

Nítorí pé àwọn ọ̀tá máa ń ká a mọ́ ni. Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ lẹ fi ń wòran, ẹ ò ní mọ ẹni tó wà lẹ́yìn yín títí á fi gé yín jẹ. Ìbọn nìkan kọ́ ló ń lò, ó ní idà eléyín ayùn. Ibi tí ẹ ti ń kú jù nìyí: ẹ máa ń sá. Ẹ dúró. Tí ọ̀tá bá ti rọ, tí ara rẹ̀ pọ́n, ẹ wọlé sí i kí ẹ parí rẹ̀, apá kan ìhámọ́ra yín á padà. Màí ṣàyí ò mọ bọ́tìnnì mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò sá rí. Òun ló ń jìnnà jù ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wàláhì.

Ṣé dandan ni kí n gbá ti àkọ́kọ́?

Kò pọn dandan. Káputéènì ni Titus níbẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n mú un lọ. Ó fi ọgọ́rùn-ún ọdún sìn níbòmíràn kó tó padà wálé, lẹ̀fútẹ́náàǹtì ni wọ́n sì fi í ṣe. Mo mọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ládùúgbò yìí tó mi orí títí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un.

Ìkẹta ńkọ́?

Ní March 2025, Saber àti Focus kéde pé àwọn ti ń ṣe é. Birikìlà kan náà, lánlọ́ọ̀dù kan náà. Ọmọ tó bi mí wà ní JSS 2. Mo ní kó tiẹ̀ kọ́kọ́ lọ mú owó pádì tó fọ́ wá ná.