Bí Ilé Ṣe Ń Bọ́ Sọ́wọ́ Ayálégbé ní Abúlé Kan ní Nẹ́dálándì

Winsum jẹ́ abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Groningen, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Omi gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ ìlọkà méjì tí afẹ́fẹ́ ń yí wà níbẹ̀, rélùwéè tó ń ti ìlú Groningen lọ sí Roodeschool sì máa ń dúró gbé èrò. Lọ́dún 2020, ìbò tí ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ANWB ṣètò gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí abúlé tó rẹwà jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́, lè fẹ́ máa gbé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tó bá ń wo ojú fèrèsé kiri, „Te koop” ni yóò máa rí, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ ta ilé. „Te huur”, tó túmọ̀ sí pé ilé wà fún ayálégbé, wọ́n bí ojú.

Kì í ṣe pé ilé ayálégbé kò sí. Ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn àjọ tó ń kọ́lé fún ará ìlú, tí wọ́n ń pè ní woningcorporatie, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, corporatie kì í sì í gbé àkọlé kọ́ fèrèsé. Òfin ilé gbígbé tí wọ́n ṣe lọ́dún 1901 ló fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti dúró, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé inú ahéré ọlọ́rinrin tí àìsàn ń jà nínú rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ilé tó wà níkàáwọ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà ju 2 mílíọ̀nù lọ. Wọn kì í ṣe ìjọba, wọn kì í sì í ṣe oníṣòwò tó ń wá èrè.

Owó kọ́ ni wọ́n fi ń gba ilé corporatie, mímọ ènìyàn kò sì ràn án. Àkókò ni. Ẹni tó fẹ́ ilé á lọ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íkànnì tí àwọn corporatie agbègbè náà jọ ń lò, láti ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ rẹ̀ lórí ìlà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Tí ilé kan bá ṣófo, wọ́n á gbé e síbẹ̀, àwọn tó wù á sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, ẹni tó pẹ́ jù lórí ìlà láàárín wọn ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ pè. Ní Amsterdam, ìdúró yìí lè ju ọdún 10 lọ. Ní abúlé, ìlà máa ń kúrú jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ibẹ̀ kéré níye, ẹni tó bá sì ti wọlé tán kì í tètè jáde. Nítorí náà, ọjọ́ tí ènìyàn bá ti dé orílẹ̀-èdè náà ló yẹ kó forúkọ sílẹ̀, kódà kó ṣì ní ibi tó ń gbé. Ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í ṣe èyí, tí wọ́n á wá máa kábàámọ̀ lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Owó tó ń wọlé fún ènìyàn kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Lọ́dún 2025, ààlà rẹ̀ jẹ́ €49,669 lọ́dún fún ẹni tó ń dá gbé, àti €54,847 fún ìdílé. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, òfin tún gba ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gemeente, láàyè láti fi tó ìdajì nínú ilé tó bá ṣófo sílẹ̀ fún àwọn tó ti ní gbòǹgbò ládùúgbò. Ó dun àlejò, ṣùgbọ́n ó yé ènìyàn: ọmọ abúlé tó fẹ́ dúró ti bàbá àti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó náà ń wá yàrá.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá kọjá ààlà á wá onílé àdáni, ibẹ̀ ni èjẹ́ńtì sì ti ń wọ ọ̀rọ̀. Tí èjẹ́ńtì bá jẹ́ ti onílé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ayálégbé fún iṣẹ́ tó ṣe. Owó ìdúró, tí wọ́n ń pè ní borg, kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù méjì lọ fún àdéhùn tí wọ́n bá ṣe láti oṣù keje ọdún 2023. Láti oṣù keje ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, àdéhùn tí kò lópin ni òfin fẹ́ kí wọ́n máa ṣe. Ti ọdún kan tàbí méjì ti di ti àwọn tí òfin yọ sọ́tọ̀, bíi akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú mìíràn wá kàwé.

Iye owó ilé fúnra rẹ̀ ni ohun tó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò jù, torí pé kì í ṣe ẹnu onílé ló ti ń wá. Máàkì ni wọ́n ń fún ilé, bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọléèwé. Mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan nínú yàrá jẹ́ máàkì kan. Ní ilé ìdáná, wọ́n á fi téèpù wọn pẹpẹ tí síǹkì wà lára rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́: tí kò bá tó mítà kan, òdo ni, tó bá wà láàárín mítà kan sí méjì, máàkì 4, tó bá tó mítà méjì sókè, 7. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ní máàkì tirẹ̀, iye tí gemeente bu lé ilé náà fún owó orí náà ní tirẹ̀. Ilé tí ooru ń sá jáde lára rẹ̀ ń pàdánù máàkì, èyí sì kan abúlé gan-an, nítorí bíríkì àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Tí àròpọ̀ bá jẹ́ 143 tàbí kó dín, ilé olówó pọ́ọ́kú ni, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá €900.07 lóṣù ní àdéhùn ọdún 2025. Láti 144 dé 186, ilé àárín ni, €1,184.82 sì ni òpin rẹ̀ lọ́dún yẹn. Láti 187 sókè, onílé àti ayálégbé ni yóò jọ dúnàádúrà. Onílé gbọ́dọ̀ so ìwé ìṣirò máàkì mọ́ àdéhùn tuntun láti ọdún 2025. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti bu owó ju máàkì lọ ní oṣù 6 láti ìgbà tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹjọ́ lọ sí Huurcommissie, àjọ tó ń parí aáwọ̀ lórí owó ilé. €25 ni ayálégbé ń san, wọ́n á sì dá a padà tó bá jàre. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn àlejò pé onílé á lé wọn síta tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ nìkan ló lè lé ayálégbé tí kò fẹ́ jáde, ó sì ní láti rí ìdí tó bófin mu.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ ni ìyàlẹ́nu máa ń dé. Ilé tí wọ́n ń pè ní „kaal” túmọ̀ sí ìhòòhò, ìhòòhò náà ló sì wà. Kọnkéré ni ènìyàn á fẹsẹ̀ tẹ̀, pẹ̀lú àmì gúlùù níbi tí ẹni tó lọ ti ká ilẹ̀ rẹ̀ dání. Wáyà ń rọ̀ láti òrùlé níbi tó yẹ kí iná wà. Kò sí kọ́tìnì, kò sí sítóòfù, fèrèsé ńlá kan sì kọjú sí títì tí gbogbo abúlé ń gbà kọjá. Owó ilẹ̀ àti kọ́tìnì yìí lè tó owó ilé oṣù mélòó kan, nítorí náà ó dáa kí ènìyàn bi ẹni tó ń jáde bóyá á ta tirẹ̀ fún òun, „overname” ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ògiri, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà mítà iná, gáàsì àti omi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Láàárín ọjọ́ 5 tí ènìyàn bá kó wọlé, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ fún gemeente. Onílé tó bá ní kí ayálégbé má forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń fa wàhálà sí i lọ́rùn ni, torí pé láìsí ìforúkọsílẹ̀, kò sí huurtoeslag, ìrànwọ́ owó ilé tí ìjọba ń fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀.

Láìpẹ́, lẹ́tà owó orí Noorderzijlvest á dé. Àjọ tó ń bójú tó omi ni wọ́n, ayálégbé náà sì ń san owó orí fún wọn. Kò yẹ kó bí ẹnikẹ́ni nínú. Kí wọ́n tó mọ odi sétí òkun, òkìtì tí àwọn baba ńlá ará ibẹ̀ fọwọ́ kó jọ ni wọ́n kọ́lé lé, orí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni Winsum sì ti bẹ̀rẹ̀. Owó orí yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú odi, tí wọ́n sì fi ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ títí di òní.

Ìbéèrè kan tún wà tó yẹ kí wọ́n bi corporatie ní agbègbè yìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Gáàsì tí wọ́n fà lábẹ́ ilẹ̀ Groningen fún ọ̀pọ̀ ọdún ń mú kí ilẹ̀ mì. Èyí tó le jù ṣẹlẹ̀ ní Huizinge ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2012, tó jẹ́ 3.6 lórí ìwọ̀n Richter. Wọ́n ti pa kànga gáàsì náà dé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fún àwọn ilé kan lágbára. Kí ènìyàn bi wọ́n bóyá ilé náà wà nínú ìwé iṣẹ́ yẹn, torí pé tó bá wà níbẹ̀, ayálégbé lè ní láti kó lọ sí ilé mìíràn fúngbà díẹ̀.

Ọjọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ jáde, lẹ́tà ìkìlọ̀ oṣù kan ti tó fún ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù. Ẹni tó wá láti corporatie á kọ́kọ́ yẹ ilé wò, á sì sọ ohun tó kù láti tún ṣe, kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀ tí ayálégbé tẹ́ fúnra rẹ̀ á ká, àyàfi tí ẹni tó ń bọ̀ bá fẹ́ ẹ. Tí kò bá sí gbèsè tàbí ìbàjẹ́, borg gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14.